Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sí Adití Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nílé kí n tó wá, inú ìwé ni mo sì fẹ́ kà á, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá dìde lọ́wọ́ òfìfo, tí mo rí ojú yín, ẹnu mi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìjẹ́wọ́ á di ìwàásù, ẹ ó ṣe àmín, màá sì padà sórí ìjókòó mi ní ẹni iyì. Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tó wà nínú mi ti ń rà, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi mú sùúrù. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní parọ́ pé kò bà mí. Màdáámù tó ni ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jókòó sí ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá, wọn ò sì mọ ohun tí mo pè wọ́n wá gbọ́. Ìyàwó mi wà láàárín yín, òun náà ò mọ̀. Kì í ṣe àánú tèmi ni mo kọ́kọ́ ń wá. Orúkọ ẹnì kan ló ti bàjẹ́ ní àdúgbò yìí. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì fẹ́ dá a padà fún un lójú gbogbo yín kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ mọ ẹni náà. Ó jókòó ní iwájú yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ojúlọ̀rọ̀wà là ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé adití ni, bí o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí o kọjú sí i. Tí o bá kẹ̀yìn sí i, ògiri lo bá sọ̀rọ̀ yẹn. Láti kékeré ló ti dití. Kò rí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití lọ. Ọwọ́ tó fi ń sọ̀rọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ tó ti kú ló jọ dá a sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ọjọ́ tí Màdáámù gbà á síṣẹ́, Ìyá Káńtà, obìnrin tó máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà níwájú, pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ọpẹ́ o! Ẹnì kan á ti wà nílé yìí tí kò ní máa gbọ́ ìwàásù Pásítọ̀ Aláyọ́ọ̀nù láràárọ̀.” Èmi ni Pásítọ̀ Aláyọ́ọ̀nù. Kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná láàárọ̀, mo ti gbàdúrà, mo ti kà, mo ti túmọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé oòrùn mú, màá rí ìwàásù nínú oòrùn. Ìyá Káńtà a sì máa na ọrùn láti iwájú pé, “Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò yẹn sinmi, ó ti ronú pìwà dà!” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn pé wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó dáa tí mo ṣe. Kì í ṣe láti fi yin ara mi. Bí mi ò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ bí èyí tó burú ṣe burú tó. Tábìlì tí wọ́n fún Ojúlọ̀rọ̀wà ní yàrá ìlọṣọ kọjú sí ògiri. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ṣe ló máa ń ta gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Àwọn kan sọ ọ́ di eré. Wọ́n á yọ́ lọ bá a, wọ́n á gbá a léjìká, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo kàn di tábìlì náà mú, mo yí i kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ gbàdúrà sí i. Ó wo tábìlì, ó wo ilẹ̀kùn, ó wá wò mí. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ọwọ́ rẹ̀. Èyí ni omi. Èyí ni ebi. Èyí ni Màdáámù, ó máa ń na ọrùn, á sì fa ojú ro, ẹ dárí jì mí, Màdáámù. Èmi náà kọ́ ọ bí a ṣe ń lọ kọ́là ẹ̀wù, bí a ṣe ń wọ́n omi sí aṣọ kí sítáàṣì má baà gan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo jáde nílé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ mímọ́. Mi ò pè é o. Ó tẹ̀ lé mi wá síbí ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ẹ rántí? Àlùfáà wa fi mí sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ kí n máa fi ọwọ́ túmọ̀ ìwàásù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di etí rẹ̀, tí mo sì di ẹnu rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún un, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Ohun tó bá fẹ́ sọ, ẹnu mi ló ń gbà jáde. Odindi ènìyàn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní sí ayé, èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

Mò ń bọ̀ níbi iná. Ẹ má kán mi lójú. Gbogbo yín ló mọ̀ pé yàrá ìlọṣọ wa jóná, ohun tí ẹ sì mọ̀ ni pé adití ló fà á. Òfin kan wà lára ògiri wa, èmi gan-an ni mo máa ń kà á fún òṣìṣẹ́ tuntun: ẹni tó bá kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, kó yọ ọ́ kúrò lára iná, kó gbé e dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni mo wà nídìí tábìlì ńlá tí gbogbo wa jọ ń lò. Ojúlọ̀rọ̀wà gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń lọ sá a lẹ́yìnkùlé, ó juwọ́ sí mi. Bí mo ṣe ń lọ aṣọ lọ, mo gbọ́ ohùn oníbàárà kan níwájú, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ń sunkún fún Ìyá Káńtà. Mo sáré jáde. Ẹ ẹ̀ rí i pé ohun rere ni mo sáré lọ ṣe? Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Bóyá ojú rẹ̀ ni mo gbé lé aṣọ, mi ò wò ó. Mo di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Oníbàárà méjì mìíràn sì wọlé, wọ́n dúró, wọ́n ń gbọ́. Ohùn mi lọ sókè. Àdúrà yẹn gùn. Mo fẹ́ kó gùn. Láàárín rẹ̀ ni Ìyá Káńtà ń fín imú, ó ní, “Kí ló ń jóná?” Mo dijú, mo sì pariwo pé, “Iṣẹ́ ọ̀tá ló ń jóná!” Obìnrin náà ṣe àmín, tomijé tomijé. Ìgbà tí èéfín yọ lábẹ́ aṣọ ìkélé ilẹ̀kùn yàrá ìlọṣọ ni mo tó la ojú.

A ṣílẹ̀kùn, iná ti kú. Ojúlọ̀rọ̀wà ló pa á. Imú rẹ̀ ló gbé e wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti fi aṣọ tútù inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bo tábìlì, ó sì ti fi ọwọ́ lásán fa àwọn aṣọ tó ń jó lórí pẹpẹ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n pa lórí sìmẹ́ńtì. Àjà ti dúdú. Aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ wá gbà lọ́jọ́ kejì ti di eérú. Òun lóṣòó sí àárín, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n gbé nǹkan lé e, awọ rẹ̀ sì ń bó. Bó ṣe rí mi, ó ṣe ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì sọ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá bi mí, màá sọ. Ẹ wo ọgbọ́n. Bí ẹni pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìpè kó tó jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n bi mí náà kò pẹ́ dé. Màdáámù kó wa jọ sí yàrá náà, èéfín ṣì ń rùn lára ògiri. Ojúlọ̀rọ̀wà ti dé láti ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wú bí ìrọ̀rí kékeré. Màdáámù kò pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n mọ̀ pé tí wọn ò bá pariwo, ọ̀ràn ti burú nìyẹn. Wọ́n ní, “Ta ló wà nídìí áyọ́ọ̀nù yẹn?” Ìyá Káńtà ní, “Màdáámù, Ojúlọ̀rọ̀wà la bá níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n...” Ó wojú mi. Ó mọ̀ pé inú ni mo ti jáde wá, kò kàn mọ̀ bóyá lílọ ni mò ń lọ aṣọ tàbí kíká. Mo wo ilẹ̀. Màdáámù wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Bi í léèrè fún mi. Sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, òtítọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ta ló fi iná sílẹ̀?”

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ rèé. Mo gbé ọwọ́ mi sókè. Ohun tí wọ́n ní kí n bi í kọ́ ni mo bi í. Ohun tí mo fi ọwọ́ bi í ni pé, “Ṣé ó ń dùn ọ́ gan-an?” Ó mi orí pé rárá, ó wá rò ó, ó ní díẹ̀. Ó wá gbé ìrọ̀rí méjèèjì yẹn sókè, ìka kankan ò ṣeé lò, ó fi ọ̀kan kàn mí láyà, ó nà án sí tábìlì, ó gbé ojú sókè wò mí. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá yẹn tó lè mọ ohun tó sọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé iná ò kàn ọ́? Mo rò pé o wà nínú ibẹ̀.” Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó rí mi nídìí tábìlì nígbà tó ń kọjá. Kì í ṣe aṣọ ló wọ inú iná lọ kó. Èmi ló wá fà jáde. Mo yíjú sí Màdáámù. Ẹnu yìí náà tí mo fi ń gbàdúrà, mo là á, mo ní, “Ó ní òun ni, Màdáámù. Ó ní òun gbàgbé ni. Ó ní kí ẹ dárí ji òun.”

Màdáámù wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Wọ́n ní, “Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè tún gbé e sídìí iná mọ́. Sọ fún un pé kó máa lọ. Sọ fún un pé mo dárí jì í.” Ìdáríjì rèé, wọ́n fi rán mi sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Mo tún gbé ọwọ́ sókè. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ dínkù nítorí iná, pé Màdáámù kí i, pé kó lọ sinmi kí ọwọ́ rẹ̀ jinná. Inú rẹ̀ dùn. Ó tẹrí ba fún wọn, ó tún un ṣe. Màdáámù rò pé ó ń tọrọ àforíjì, omi lé sí wọn lójú. Ó yíjú sí èmi náà, ó tẹrí ba fún mi, ó sì lọ. Mo gbàdúrà ìparí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ mi dáadáa: èmi ni mo gba àdúrà ìparí ìpàdé yẹn.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná, ó padà wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ mímọ́, èmi ni wọ́n ní kí n jáde lọ dá a padà. Mo ní iṣẹ́ ò tíì sí. Ó lọ sí àwọn ilé ìfọṣọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, wọ́n á ní, “Àbí kì í ṣe adití tó dáná sun yàrá yẹn nìyí?” wọ́n á juwọ́ fún un pé kó máa lọ. Kò mọ ìdí. Ẹ rò ó wò, kí gbogbo ilẹ̀kùn máa tì mọ́ ènìyàn lójú, kó má sì mọ ohun tó ṣe. Nísinsìnyí ó ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà, àwọn ọwọ́ yẹn ló fi ń rù ú, awọ wọn ti sún kì. Síbẹ̀ kò ṣíwọ́ wíwá síbí. Ó ń wo ọwọ́ mi bí ọmọ ṣe ń wo ọwọ́ ìyá tó ń bu oúnjẹ. Ọjọ́ tí Àlùfáà wàásù lórí ẹ̀rí èké, ọwọ́ mi kọ̀, kò lè sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ sọ fún un pé Ọlọ́run ló ń rọ̀jò sórí ilẹ̀. Gbogbo ìjọ ń kérora lórí ẹ̀ṣẹ̀ wọn, òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo òjò. Láti ìgbà náà, ibi tí ìwàásù bá ti fẹ́ kàn mí, mo máa ń fò ó. Òkúta ni mo ń fi bọ́ ọ. Nílé, ìyàwó mi ní, “Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wàásù lójú oorun, ẹ ti wá dákẹ́ jù. Ṣé ara yín dá?” Mo ní ara mi dá.

Nígbà tí Tíṣà dé sínú ìjọ wa, tí wọ́n ní bí a ṣe ń kọ́ àwọn adití ni wọ́n kà níwèé, ẹ̀yin ń yọ̀, èmi ń làágùn. Mo máa ń jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ti gbé ọwọ́ sókè sí ara wọn, màá ti dá sí i. Tíṣà ò jẹ́ kó sú wọn, wọ́n ń kọ́ ọwọ́ Ojúlọ̀rọ̀wà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ̀rù yẹn wà nínú ohun tó mú mi dìde lónìí, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣẹ́ mi. Ohun tó ṣẹ́ mi ni ọjọ́ tí Àlùfáà fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Wọ́n ní kí Tíṣà bi í, ta ni Jésù, kí ló mọ̀ nípa rẹ̀? Ó ronú. Kò sọ̀rọ̀ àgbélébùú, kò sọ̀rọ̀ ìbí inú ibùjẹ ẹran. Bóyá mi ò túmọ̀ wọn fún un dáadáa rí. Ó fi ọwọ́ gbé tábìlì kan tí a ò rí, ó yí i kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó wá nàka sí mi. Tíṣà ní, “Ó ní òun ò mọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní ó ní láti jọ ọkùnrin yìí.” Ẹ hó yèè. Àlùfáà dì mí léjìká mú, wọ́n ní, “Ẹ wò ó, ará! Èyí ni kí ìgbé ayé ẹni máa wàásù!” Mo jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ rò pé ayọ̀ ni. Èébì ni mò ń bì.

Àná ni mo lọ bá a níbi tó ti ń to búlọ́ọ̀kù. Mo fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù: èmi. Iná: èmi. Màdáámù bi ọ́, mo ní ìwọ ni. Kò kọ́kọ́ yé e, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yé e, mo mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ọwọ́ mi ń sáré, mò ń ṣàlàyé bí ẹ̀rù ṣe bà mí, bí àwọn ọmọ mi ṣe kéré. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó sún kì yẹn, ó di ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ó sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Kò lù mí. Nígbà tó fi mí sílẹ̀, ó padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Màdáámù, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ẹni tí ẹ lé lọ ló pa iná ilé yín. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, ẹ fi mí ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé àwọn ilé ìfọṣọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a jọ sọ fún wọn. Ìyàwó mi, dárí jì mí pé láàárín èrò ni o ti gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹnu yín dùn, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹ ṣọ́ra. Ẹnì kan wà nítòsí yín tí kò ní gbọ́ ìwàásù yín láéláé. Etí rẹ̀ lè má dití, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló ti sú u. Ohun tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bà yín ni Bíbélì tó máa kà.

Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ níwájú yín pé kó dárí jì mí, torí bí gbogbo ìjọ bá ń wo ènìyàn lójú, kí ló tún lè sọ ju pé ó ti tán? Tíṣà, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti dúró níbì kan nínú ohun tí mo kà yìí, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ má gé e kúrú fún un. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Tó bá jẹ́ èébú ni, ẹ kà á síta fún ìjọ bó ṣe wí i, ẹ má da oyin sí i. Tí kò bá sì fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹ sọ fún wọn pé kò sọ nǹkan kan. Èmi ti parí. Mo dúró síbí, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀.